Ojú Lalákàn Fi Í Ṣọ́rí: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Kọ̀ǹpútà Server Tó Ń Lo Linux

  

Lójú àwọn kan, àkòrí tí mo mú yìí yóò dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóde òní, èsì ìdánwò àwọn ọmọ wa, owó tí a dá sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ní ọsibítù, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ẹnì kan ló sì ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà. Bí ẹni yẹn bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, ohun ìní wa ló fi sílẹ̀ fún olè àti òfò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí: kì í ṣe idán ló ń mú server dúró, àkíyèsí ojoojúmọ́ ni. Ẹni tó lè tọ́jú ilé dáadáa lè kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

KÍ NI SERVER, KÍ SÌ NI LINUX?

Server kì í ṣe ẹ̀rọ abàmì. Kọ̀ǹpútà ni, bí èyí tó wà lórí tábìlì yín. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ó jókòó sí igun kan, ó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọ́fíìsì sì ń bi í léèrè ọ̀rọ̀: èló ni lágbájá ti dá? Ọmọ wo ni kò tíì san owó ilé ìwé? Òun ló ń dá wọn lóhùn. Ẹ fi wé ìyá àgbà tó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú agbo ilé. Ọjọ́ tí ìyá àgbà bá ṣàìsàn, gbogbo ilé ló mọ̀.

Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣiṣẹ́ láìní ètò tó ń jí i dìde, tó sì ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀yà ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín mọ Windows. Linux náà jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní orílẹ̀-èdè Finland, Linus Torvalds, ẹni ọdún 21, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1983, Richard Stallman ní Amẹ́ríkà ti kéde iṣẹ́ kan tó pè ní GNU, pé òun fẹ́ kí àwọn ètò kọ̀ǹpútà wà tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí ó lè tú wò, tí ó lè tún ṣe, tí ó sì lè fún aládùúgbò rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ló wá pàdé. Láti ibẹ̀ ni oríṣiríṣi Linux ti jáde. Debian bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. Ubuntu jáde ní ọdún 2004, ọmọ ilẹ̀ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ló dá a sílẹ̀. Orúkọ náà wá láti inú èdè àwọn ará ìhà gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ohun tí Yorùbá ń sọ pé èèyàn ni aṣọ mi.

Ẹ má sì rò pé ẹ kò tíì fọwọ́ kan Linux rí. Fóònù Android tó wà nínú àpò yín, Linux ló wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú router kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, Linux ló wà nínú wọn pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni lè gba Debian tàbí Ubuntu láìsan kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí ilé ìwé kékeré àti ẹgbẹ́ tí kò lówó púpọ̀ fi lè fi kọ̀ǹpútà àlòkù ṣe server. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ọ̀fẹ́ ni Linux, àbójútó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

KÍ LÓ KAN ÀWA TÍ A WÀ NÍ KÀDÚNÁ?

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí kò jìnnà sí wa bẹ̀rẹ̀. Ní Kafanchan, nínú Ìpínlẹ̀ Kàdúná níbí, àwọn kan dá Fantsuam Foundation sílẹ̀ ní ọdún 1996 láti ran àwọn ará abúlé lọ́wọ́. John Dada wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dá ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Zittnet. Wọ́n gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run, wọ́n sì fi ẹ̀rọ aláìlókùn pín in fún àwọn tó yí wọn ká. Nítorí pé iná mànàmáná kò ṣeé gbára lé, wọ́n lo agbára oòrùn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kì í ṣe ìlú ńlá nìkan ni irú iṣẹ́ yìí ti lè ṣeé ṣe. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ iná, ọ̀rọ̀ bátìrì àti ẹni tí yóò máa bójú tó ẹ̀rọ ló gba àròjinlẹ̀ jù.

Àwọn kan yóò bi mí pé, ṣé kò sàn kí a kó gbogbo ẹrù wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní òkè òkun máa bá wa tọ́jú rẹ̀? Ó ní àǹfààní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé wọn yóò pa ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní àwọn apá kan ìpínlẹ̀ yìí nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 pẹ̀lú, nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, tí iṣẹ́ àwọn báńkì kan fi dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní òkèèrè nìkan yóò ká ọwọ́ lérí. Ẹni tó ní server nínú yàrá tirẹ̀ yóò máa bá iṣẹ́ lọ, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà, nítorí okùn tó so kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú ilé kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú òkun.

Àmọ́ bí o bá gbé server sínú ilé, ìwọ ni ọlọ́dẹ rẹ̀. Èmi fúnra mi kọ́ èyí pẹ̀lú ìtìjú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní ìlú yìí tọ́jú server wọn. Mo ṣètò rẹ̀ pé ní alaalẹ́, kí ó máa da àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ sórí hard disk kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó ṣiṣẹ́, inú mi dùn, mo bá tèmi lọ. Ní ọjọ́ kan, iná lọ lójijì, ó sì padà wá pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Hard disk inú server jó. Mo sọ fún alága pé kí ọkàn wọn balẹ̀, ẹ̀dà wà nílẹ̀.

Nígbà tí mo ṣí hard disk kejì, ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Oṣù mẹ́jọ ṣáájú, iná ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí server dìde, kò dá hard disk kejì mọ̀ mọ́. Fódà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti hard disk náà ṣì wà, ṣùgbọ́n òfìfo ni, orí hard disk àkọ́kọ́ gan-an ló sì wà. Láti ọjọ́ náà ni server ti ń da ẹ̀dà sínú ara rẹ̀ ní alaalẹ́. Iná kékeré ara hard disk kejì ń ṣẹ́jú, èmi náà ń kọjá lára rẹ̀, n kò bi í léèrè ohunkóhun.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi ń lọ láti ilé dé ilé, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, tí a ń gba káàdì ìdáwó lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti tún ìwé kọ. Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ti sọ káàdì tirẹ̀ nù. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yín ti gbàgbé mi ni?" Ọpẹ́lọpẹ́ akápò, tí kò fi ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé. Inú ìwé yẹn la ti rí owó màmá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé owó èèyàn ni mo ń tọ́jú, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àwọn ìmọ̀ràn tó kàn yìí, inú irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti wá. Debian àti Ubuntu ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ àwọn àṣẹ tó wà níbẹ̀.

1. Ẹ MỌ ẸNI TÓ NÍ KỌ́KỌ́RỌ́

Nínú Linux, ọ̀gá pátápátá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ root. Kò sí ohun tí kò lè ṣe. Bí ó bá pàṣẹ pé kí a pa gbogbo fáìlì rẹ́, Linux kò ní bi í pé ṣé ó dá a lójú. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa fi orúkọ root ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́. Kí olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Àṣẹ `sudo adduser` ni a fi ń dá orúkọ tuntun sílẹ̀. Ẹni tí a bá fọkàn tán, tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọ̀gá, yóò kọ `sudo` ṣáájú àṣẹ rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé server yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ló ṣe báyìí ní agogo báyìí. Níbi tí gbogbo èèyàn bá ti ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà, kò sí ẹni tí a lè bi léèrè.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń gbàgbé ti server. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni kí a tì pa, nítorí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ SSH lè gba ibòmíràn wọlé. Ẹ lo `sudo usermod --lock --expiredate 1`, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni náà parí rẹ̀. Èyí yóò ti ọ̀nà méjèèjì pa.

2. Ẹ TI ILẸ̀KÙN TÍ Ẹ KÒ LÒ

Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Server ní ọ̀pọ̀ ẹnu-ọ̀nà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ẹ kọ `sudo ss -tlnp`, ẹ ó rí àwọn tó ṣí sílẹ̀ àti ètò tó ń ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ wádìí rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá lò, ẹ pa á.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ufw ní ẹ̀ṣọ́. Ẹ ṣọ́ra níbí: ẹ kọ́kọ́ kọ `sudo ufw allow OpenSSH` kí ẹ tó kọ `sudo ufw enable`. Ọ̀pọ̀ ọmọ kọ̀ǹpútà ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ mọ́ ìta, tí ó sì ní láti wọ mọ́tò láti Kawo lọ sí Sabon Tasha nítorí àṣẹ kan tó ṣáájú èkejì.

SSH ni ọ̀nà tí a ń gbà wọ server láti òkèèrè. Ní kété tí server bá ti hàn sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn jàǹdùkú yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbọn ilẹ̀kùn rẹ̀, wọn yóò máa fi ẹ̀rọ méfò ọ̀rọ̀ aṣínà tọ̀sántòru. Ẹ fi `ssh-keygen` ṣe kọ́kọ́rọ́, ẹ fi `ssh-copy-id` gbé e lọ sórí server, ẹ fi wọlé lẹ́ẹ̀kan kí ẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sínú fáìlì `/etc/ssh/sshd_config`, kí ẹ kọ `PermitRootLogin no` àti `PasswordAuthentication no`. Kí ẹ tó tún SSH jí, ẹ fi `sudo sshd -t` yẹ ìwé náà wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Ẹ fi `sudo sshd -T` wo ohun tí server gbà pé òun ń tẹ̀lé, nítorí fáìlì mìíràn lè wà tó ń sọ òdìkejì ohun tí ẹ kọ. Títí tí ẹ ó fi parí, ẹ má ṣe pa ojú fèrèsé tí ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Bí tuntun bá kọ̀, ti àtijọ́ ni ẹ ó fi tún un ṣe.

3. Ẹ MÁA GBA ÀTÚNṢE, ẸNI TÓ MỌ ILÉ RẸ̀ KÌ Í ṢÌNÀ

Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí kò ní àléébù. Nígbà tí wọ́n bá rí ihò, àwọn tó ṣe é yóò dí i, wọn yóò sì fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbà á: `sudo apt update`, lẹ́yìn náà `sudo apt upgrade`. Mo mọ̀ pé owó dátà wọ́n. Bí server bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi `apt-cacher-ng` sórí ọ̀kan nínú wọn. Yóò gba àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan, yóò sì pín in fún àwọn yòókù láìná dátà mìíràn.

Ẹ tún mọ ọjọ́ orí Linux tí ẹ ń lò. Ubuntu tí wọ́n pè ní LTS ń jáde ní oṣù kẹrin ọdún méjì méjì, wọ́n sì máa ń fi ọdún márùn-ún tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. CentOS 7, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lò tẹ́lẹ̀, parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2024. Ẹni tó ṣì wà lórí rẹ̀ ń gbé inú ilé tí kò ní bíríkìlà mọ́.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ wa mọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, òṣìṣẹ́ kan ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé pẹ̀lú SSH lórí kọ̀ǹpútà òun fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ì bá ní kí ló kàn mí. Òun tú u wò títí, ó sì rí i pé ẹnì kan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú xz, ohun èlò kékeré kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ Linux káàkiri àgbáyé. Wọ́n kéde rẹ̀ kí ó tó tàn dé orí ọ̀pọ̀ server. Ohun tó gba ayé sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé ọkùnrin kan mọ bí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ṣe máa ń dún. Ẹ̀yin náà, ẹ máa wo server yín ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ dá, kí ẹ lè mọ ọjọ́ tí kò dá.

4. INÁ, ERUKU ÀTI AAGO

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, òkùnkùn bo ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Àríwá, Kàdúná pẹ̀lú, fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí UPS tó lè gbé server fún ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ rẹ̀ sì kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ UPS ni láti fún server láàyè kí ó sùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ra èyí tó ní okùn USB, ẹ so ó mọ́ server, ẹ sì fi ètò tí wọ́n ń pè ní `nut` sí i. Bí bátìrì bá ti ń tán lọ, UPS yóò sọ fún server, server yóò pa ìwé rẹ̀ dé, yóò sì pa ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo inverter tàbí jẹnẹrétọ̀, ẹ má ṣe yọ stabilizer kúrò, nítorí iná tó ń padà bọ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Ní àkókò ọyẹ́, eruku ìlú wa kì í ṣe kékeré. Ó máa ń dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú server, ooru yóò sì mú un. Ẹ pa á, ẹ yọ okùn iná rẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a kí ọyẹ́ tó dé àti lẹ́yìn tó bá lọ.

Ẹ má gbàgbé aago. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń rán an létí ọjọ́ òní. Bí ó bá kú, server lè dìde kí ó máa rò pé a wà ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, gbogbo owó tí a bá san lọ́jọ́ náà yóò sì gba déètì èké. Ẹ kọ `sudo timedatectl set-timezone Africa/Lagos`, kí ẹ sì fi `timedatectl` nìkan wò ó bóyá aago ti bá ti íntánẹ́ẹ̀tì mu.

5. Ẹ WO ÀYÈ, Ẹ KA ÌWÉ

Ọ̀pọ̀ server tí wọ́n ní ó ti kú, kò kú. Ó yó ni. Àyè ti tán lórí hard disk, kò sì lè kọ ohunkóhun mọ́. Àṣẹ `df -h` yóò sọ iye àyè tó kù. Bí ó bá ti kọjá ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ dìde. Àṣẹ `sudo du -xh --max-depth=1 /var | sort -h` yóò fi ibi tí ẹrù pọ̀ sí hàn. Nígbà mìíràn ìwé tí server ń kọ nípa ara rẹ̀ ló kún. Àṣẹ `sudo journalctl --vacuum-size=500M` yóò dín in kù. Ẹ má kàn máa pa fáìlì tí ẹ kò mọ̀ rẹ́ nítorí pé ó tóbi.

Ìwé yẹn náà ni kí ẹ máa kà. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ kọ `sudo journalctl -p err --since "7 days ago"`. Yóò kó àwọn àṣìṣe ọ̀sẹ̀ tó kọjá jọ. Ká ní mo ṣe èyí ní ọ̀sẹ̀ tí hard disk kejì kọ̀ láti dìde, ó ṣeé ṣe kí n ti rí ìkìlọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, èmi àti màmá ẹlẹ́lùbọ́ kì bá má ti wo ara wa lójú bẹ́ẹ̀.

6. Ẹ̀DÀ TÍ A KÒ DÁN WÒ KÌ Í ṢE Ẹ̀DÀ

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lórí server, ọ̀kan lórí hard disk mìíràn, ọ̀kan ní ilé mìíràn pátápátá. Àwa tí a wà ní Kàdúná ní ọdún 2000, àti ní ọdún 2002, mọ bí iná ṣe lè jó ilé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ogún ọdún. Àwọn tí ilé wọn wà nítòsí odò mọ ohun tí omi lè ṣe. Bí server bá wà ní ìhà ìsàlẹ̀ odò, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà kẹta sùn ní òdìkejì, lọ́wọ́ ẹni tí ẹgbẹ́ fọkàn tán, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í nítorí olè.

Àṣẹ tí mo ń lò ni rsync. Bí àkọsílẹ̀ bá wà ní `/srv/iwe`, tí hard disk kejì sì wà ní `/mnt/eda`, báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ nísinsìnyí: `mountpoint -q /mnt/eda && rsync -a /srv/iwe/ /mnt/eda/`. Ìdajì àkọ́kọ́ ń bèèrè pé, ṣé hard disk kejì wà níbẹ̀ lóòótọ́? Bí kò bá sí, iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ni kò sí nínú ti tẹ́lẹ̀, òun ló fa ọ̀sẹ̀ márùn-ún wàhálà. Ẹ fi `crontab -e` sọ agogo tí yóò máa ṣe é. Bí ó bá jẹ́ MySQL tàbí MariaDB ló ń pa ìwé owó mọ́, ẹ kọ́kọ́ fi `mysqldump` yọ ẹ̀dà rẹ̀, nítorí fáìlì tí server ń kọ lọ́wọ́ kì í pé nígbà tí a bá dà á kọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wá orúkọ ẹnì kan nínú rẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni náà bóyá iye tó wà níbẹ̀ bá ti ọwọ́ rẹ̀ mu. Kí akápò wà níbẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i.

7. Ẹ NÍ ÌWÉ ÀFỌWỌ́KỌ

Kí ẹ tó yí fáìlì ètò kankan padà, ẹ kọ́kọ́ fi `cp` ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ ra ìwé kan, ẹ fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì server. Gbogbo ohun tí ẹ bá yí padà, ẹ kọ ọjọ́, ohun tí ẹ ṣe àti ìdí tí ẹ fi ṣe é. Bí ẹ kò bá sí nílé, ẹlòmíràn yóò rí ibi tí yóò gbà. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni kí ẹ má kọ síbẹ̀. Kí ó wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, lọ́wọ́ alága tàbí akọ̀wé. Èèyàn kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀pá tó gbé gbogbo ilé dúró.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÒBÍ ÀTI ÀWỌN Ọ̀DỌ́ WA

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí ọmọ yín níwájú kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ dúdú, tí lẹ́tà funfun ń sáré lórí rẹ̀, ẹ má ṣe yára rò pé iṣẹ́ àwọn ọmọ Yahoo ló ń ṣe. Ẹ pè é, ẹ ní kí ó ṣàlàyé. Ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe yóò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ gidi ni. Báńkì, ilé ìwé gíga, ọsibítù àti ilé iṣẹ́ fóònù ń wá àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kò nílò owó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Laptop àlòkù kan ti tó, Debian kò sì béèrè owó. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ bà á jẹ́, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé server àwọn èèyàn lé yín lọ́wọ́ ni kí ẹ má ṣe fi ṣeré mọ́.

Agbára òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Iná yóò lọ, yóò sì padà pẹ̀lú agbára. Hard disk yóò gbó. Jàǹdùkú yóò gbọn ilẹ̀kùn. A kò lè dá èyíkéyìí nínú wọn dúró, ṣùgbọ́n a lè jí kí wọ́n tó dé. Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tàbí ilé ìwé tí ẹ ń bójú tó ní ọjọ́ Ajé, ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọjọ́ wo lo ṣí ẹ̀dà wò kẹ́yìn?" Bí ó bá dákẹ́, ẹ jókòó tì í títí yóò fi ṣí i.

 Olódùmarè yóò bá wa ṣọ́ ohun tí a ní, kò sì ní jẹ́ kí ojú tí a fi ń ṣọ́ ọ fọ́. Àṣẹ.